Ajá Tí Àyà Ìtẹ́olúwa Lè Gbà

Hull, England
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kìíní, 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún, ẹ sì kú ọyẹ́. Mo mọ̀ pé ètè yín ti là báyìí, mo sì mọ̀ pé ẹ kò ní fi nǹkan kan pa á, torí ẹ ní ìpara ètè jẹ́ ti obìnrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi pa á. Ara tèmi le. Àwọn arúgbó tí mo ń tọ́jú níbí ń ṣe dáadáa, àfi bàbá kan tó ń sọ fún mi lójoojúmọ́ pé kí n máa lọ sílé mi. Mo ti ní kó san owó bàálù.

Ọ̀rọ̀ pàtàkì ni mo bá wá. Ẹ̀yin náà ti rí èsì ìdánwò Ìtẹ́olúwakìíṣí. Kí ọmọ mi tó wọ ìdánwò yẹn, mo ṣèlérí fún un lórí fóònù pé bó bá gba ipò kìíní, ohunkóhun tó bá fẹ́ ni n ó ṣe fún un. Mo rò pé kẹ̀kẹ́ ni yóò béèrè. Ajá ló béèrè. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ní ásímà, tí àyà rẹ̀ máa ń súfèé bí aládùúgbò bá gbálẹ̀, ajá ló fẹ́! Ẹnu mi ti jáde, ojú sì ń tì mí láti yẹ̀ ẹ́, torí ìlérí tí mo ti yẹ̀ fún ọmọ yẹn kò kéré.

Mo ti ka nǹkan lórí rẹ̀ títí orí fi fọ́ mi. Kò sí ajá tí ara gbogbo ènìyàn gbà. Ẹni tó bá ní òun ń ta irú ẹ̀, irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n ara ọmọ lè kọ ajá kan kó sì gba òmíràn. Èyí tí irun rẹ̀ kì í bọ́ púpọ̀ lè sàn díẹ̀. Ẹ má ra èyí tó ń ṣepin lójú, tàbí tó ń yún ara ṣáá, tàbí tí ikùn rẹ̀ wú bí ẹni gbé bọ́ọ̀lù mì, aràn nìyẹn. Ẹ béèrè ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Bó bá ṣeé ṣe kí ẹ rí ìyá tó bí i, ẹ wò ó bóyá ara rẹ̀ dá. Owó tí mo ní kò ju ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún náírà, ti dókítà ẹranko sì wà nínú rẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ tó san kọ́bọ̀, kí ẹ jẹ́ kí Ìtẹ́olúwa jókòó ti ajá náà fún wákàtí kan gbáko, kí ẹ máa gbọ́ àyà rẹ̀. Bó bá súfèé, kí ajá padà sílé olówó rẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó tó dá wa lójú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fò ó.

Ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín,
Kẹ́misọ́lá


Aiyetoro
Ogúnjọ́, oṣù kìíní, 2025

Kẹ́misọ́lá,

Mo kí ọ, mo kí àwọn arúgbó rẹ. Mo gba lẹ́tà rẹ lọ́wọ́ Nàfíù, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó sì ń ya fọ́tò tèmi ránṣẹ́ sí ọ. Ó ti kà á kí n tó dé. Ìyàwó rẹ̀ náà ti kà á. Bí mo ṣe ń wọlé lobìnrin náà ní, "Ẹ kú oríire ajá o, Bàbá Tíṣà." Bí kò bá ṣe pé etí mi kò gbọ́ fóònù mọ́, kí ni ìbá mú mi fi ọ̀rọ̀ ilé mi sórí tábìlì Nàfíù?

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ tíṣà, mo sì fi mọ́kànlá nínú rẹ̀ ṣe ọ̀gá àgbà. N kò tíì gbọ́ ọ rí pé kí ènìyàn tó ra ajá, kí ọmọ kọ́kọ́ máa bá a jókòó ní pálọ̀ bí ẹni tó ń fẹ́ra sọ́nà. Nígbà tí o wà ní kékeré, ajá mẹ́ta la sìn. Ta ló bi wọ́n léèrè ìwé? Ta ló wo ìyá wọn? O ń bá wọn jẹun nínú àwo kan náà, o sì wà láàyè tí o fi ń kọ lẹ́tà àrífín sí mi.

Ẹ̀wẹ̀, ọyẹ́ wà níta. Eruku títì ti sọ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ di pupa. Gbogbo àdúgbò ló ń húkọ́. Àlùfáà wa húkọ́ lórí àga ìwàásù lọ́jọ́ Àìkú títí ìwàásù fi parí láìtọ́jọ́, àwọn kan sì dúpẹ́. Báwo ni n ó ṣe mọ ikọ́ ajá yàtọ̀ sí ikọ́ eruku? Ìwọ ṣèlérí níbẹ̀, èmi ni n ó máa sáré rẹ̀ níbí.

Ṣùgbọ́n n kò sọ pé n kò ní ṣe é. N ó wá ajá. Ìtẹ́ ti ń bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́.

Èmi ni bàbá rẹ tó bí ọ,
Cornelius


Hull
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kìíní, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ìfaradà mi. Ajá mẹ́ta tí a sìn yẹn, ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn wọn dópin. Èkíní kú kí ó tó pé oṣù kan. Èkejì bu díákónì jẹ nínú àgbàlá wa, ẹ̀yin sì ni ẹ san owó abẹ́rẹ́ rẹ̀ tí ẹ tún ń lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹta jáde lọ, kò padà. Ṣé àwọn ni ẹ fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ fún mi?

Bí ara bá kọ ajá, ojú yóò pọ́n, imú yóò máa ṣomi, àyà yóò máa dún bíi fèrè. Eruku wà níta, ajá yóò wà nínú ilé. Ẹ ti fèrèsé, ẹ nu ilẹ̀, ẹ dán an wò. Ẹ má fi ọyẹ́ ṣe àwáwí fún mi.

Ọmọ yín tí kì í ṣe aláàrífín,
Kẹ́misọ́lá


Aiyetoro
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì, 2025

Kẹ́misọ́lá,

Jókòó kí o tó ka èyí. Ìdánwò ti parí, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ pé bàbá rẹ ṣì mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Mo fa ìlà sínú ìwé rẹ́jísítà àtijọ́ kan: orúkọ olówó ajá, àwọ̀, ìwọ̀n ọjọ́ orí, ojú, imú, àyà. Ajá mẹ́ta ló wọ ìdánwò, Sátidé mẹ́ta, wákàtí kọ̀ọ̀kan, aago mi wà lórí tábìlì. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti Micah, awakọ̀ tó ń lọ Ibese. Ọmọ ajá elétí ńlá ni, ó sì jẹ bàtà mi kan nínú wákàtí náà. Èkejì jẹ́ ti Rájí, àgbẹ̀ ní Joga-Orile. Abo ajá ilẹ̀ wa ni, pupa, irun rẹ̀ kúrú, ó sì ti dàgbà díẹ̀. Inú oko ló ń gbé tó ń lé ọ̀yà. Ẹ̀kẹta wá láti Ìlárá lẹ́nu bodè. Funfun ni, irun rẹ̀ pọ̀ bíi òwú, ó sì ní ìwé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi Faransé kọ. Gbólóhùn Faransé mẹ́rin ni mo mọ̀, kò sí èyí tó jẹ mọ́ ajá nínú wọn, ṣùgbọ́n mo rí òǹtẹ̀, mo sì rí déètì.

Gbọ́ èsì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yege! Ojú ọmọ kò pọ́n, kò sín, àyà rẹ̀ kò dún. Mo múra ọmọ sílẹ̀ dáadáa, bí mo ti máa ń múra gbogbo ọmọ mi sílẹ̀ kí ìsípẹ́kítọ̀ tó dé. Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo jẹ́ ọ̀gá fún kò kùnà lójú ìsípẹ́kítọ̀ rí, o mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìtẹ́ mú èyí funfun. Ó sọ ọ́ ní Búrẹ́dì. Owó rẹ tó o. Ẹni tó tà á fún wa búra pé irun rẹ̀ kì í bọ́. Mo retí pé wàá kọ̀wé tọrọ àforíjì.

Bàbá rẹ,
Cornelius


Hull
Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta, 2025

Bàbá mi àtàtà,

Mo tọrọ àforíjì. Mo kúnlẹ̀ ní pálọ̀ mi níbí, ẹni tí a jọ ń gbé sì bi mí bóyá mo sọ owó nù. Fọ́tò tí Nàfíù fi ránṣẹ́ dé. Mi ò tíì rí i kí ọmọ yẹn ṣí eyín báyìí láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Mo fi han gbogbo àwọn arúgbó mi. Bàbá tó ń lé mi lọ sílé gan-an ní ajá náà dára.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ dán ajá kọ̀ọ̀kan wò, mo ní lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n n kò ní jà. Ohun kan ṣoṣo ni: mo rí irun funfun rẹpẹtẹ lára aṣọ Ìtẹ́olúwa nínú fọ́tò náà. Ẹ ní irun rẹ̀ kì í bọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ó máa sùn síta, kí Ìtẹ́olúwa sì máa fọwọ́ bó bá ti bá a ṣeré tán.

Ọmọ yín,
Kẹ́misọ́lá


Aiyetoro
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹta, 2025

Kẹ́misọ́lá,

Mo rí ọ̀rọ̀ irun tí o kọ. Mo ti yanjú rẹ̀. Mo gbé Búrẹ́dì lọ sọ́dọ̀ Adédọ̀tun onígẹrun, mo ní kó gẹ̀ ẹ́ kodoro. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Mo rán an létí pé èmi ni mo kọ́ ọ ní ABD, ó sì gẹ̀ ẹ́. Ìyọnu tó bá a kì í ṣe kékeré, torí àwọn méjì tó jókòó de ìgẹrun dìde nígbà tí wọ́n rí ẹni tí wọ́n fẹ́ lo kílípà fún ṣáájú wọn. Ọ̀kan nínú wọn kò kí mi mọ́.

Ó parí. Kò sí irun, kò sí ẹjọ́. Ajá náà dà bí ewúrẹ́ tí wọ́n ti sun irun rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà ní mímọ́.

Bàbá rẹ


Hull
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta, 2025

Bàbá!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé n kò kí yín dáadáa, orí mi gbóná. Kì í ṣe irun! Irun kọ́ ló ń ṣe ọmọ. Itọ́ ajá ni, àti awọ ara rẹ̀ tó ń bọ́ wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Irun wulẹ̀ máa ń gbé e kiri ni. Bí ẹ bá gẹ ajá kodoro, awọ ara rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì ń lá ọmọ lọ́wọ́. Ajá náà yóò tún máa gbọ̀n bí òjò bá rọ̀, oòrùn yóò sì jó o lẹ́yìn.

Ta ló ní kí ẹ gẹ̀ ẹ́? Ẹ bi mí léèrè kí ẹ tó ṣe nǹkan. Báwo ni àyà Ìtẹ́olúwa? Láti ìgbà tí ẹ ti ra ajá náà, n kò tíì rí nǹkan kan kà nípa àyà rẹ̀. Ajá, onígẹrun, òǹtẹ̀ Faransé, gbogbo rẹ̀ ni mo ń kà. Báwo ni àyà ọmọ mi?

Kẹ́misọ́lá


Hull
Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹta, 2025

Bàbá mi,

Mo kí yín, bí ẹ bá ṣì ń gba kíkí. Ó ti pé ogún ọjọ́ báyìí, ẹ kò dá mi lóhùn. Mo pe fóònù ilé, Ìtẹ́olúwa gbé e, ó ní "A wà dáadáa mà," ó sì pa á. Mà! Èmi ni ó ń pè ní mà.

Nígbà tí ẹ kò sọ nǹkan, Nàfíù sọ. Ó bi mí lánàá bóyá mo mọ ibi tí ìnhélà kò ti wọ́n, ní Ilaro tàbí ní Abẹ́òkúta, torí Bàbá Tíṣà ń wá a kiri. Bàbá, méjì ni mo fi ránṣẹ́ ní Kérésìmesì, ìnhélà aláwọ̀ búlúù tí Ìtẹ́olúwa máa ń fà bí mímí bá ṣòro fún un. Ọ̀kan yẹ kó tó o fún oṣù mẹ́fà. Ta ló fà wọ́n tán? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn?

Bí ẹ kò bá fẹ́ kọ̀wé, ẹ fún Ìtẹ́olúwa ní bébà kó kọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ọmọ yín tí kò lè sùn,
Kẹ́misọ́lá


Aiyetoro
2/4/2025

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá àgbà ní kí n kọ lẹ́tà sí yín, kí n sì kọ ọ́ dáadáa torí Àǹtí ìyàwó Nàfíù yóò kà á.

Búrẹ́dì ti ń hu irun padà. Ó mọ orúkọ rẹ̀. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, ó máa ń pòyì lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá máa dùbúlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mi. Bàbá àgbà gbà kó máa sùn ní pálọ̀ torí òjò.

Mo ti mọ ìnhélà fà dáadáa, mi ò jẹ́ kó dà nù mọ́. Kí n tó bá Búrẹ́dì ṣeré, Bàbá àgbà máa ń ní kí n fà á lẹ́ẹ̀mejì, bí a ṣe ṣe é nígbà ìdánwò àwọn ajá. Bí mo bá fà á tán, mo lè bá a ṣeré dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá jí láàárọ̀, àyà mi máa ń dún, màá tún fà á kí n tó lè wọ bàtà. Lánàá n kò lè sáré ní ilé-ìwé, mo jókòó ti Àǹtí kíláàsì wa.

Ẹ má sọ fún Bàbá àgbà pé mo sọ ti àyà o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú Búrẹ́dì lọ. Mo ti ní kí ó máa dùbúlẹ̀ jìnnà díẹ̀.

Èmi ni Ìtẹ́olúwakìíṣí


Hull
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin, 2025

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí n tó bínú, torí n ó bínú.

Ẹ fún ọmọ ní oògùn kí ẹ tó dán an wò! Ẹ kọ ìdáhùn fún un sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ wá ní ó yege! Kò sí ajá tí kò ní yege bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá mú kìnnìún wọ pálọ̀ lọ́jọ́ yẹn, yóò yege. Ìsípẹ́kítọ̀ wo lẹ ń tàn jẹ? Kò sí ìsípẹ́kítọ̀ níbẹ̀ o, ọmọ mi ló wà níbẹ̀. Ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ méje báyìí tí ẹ ti ń fi oògùn bo ohun tó ń pa á lára mọ́lẹ̀.

Ẹ mú ajá náà kúrò nínú ilé lónìí. Ẹ gbé Ìtẹ́olúwa lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má kọ lẹ́tà kankan sí mi títí ẹ ó fi ṣe méjèèjì.

Kẹ́misọ́lá


Aiyetoro
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin, 2025

Kẹ́misọ́lá,

Mo ti ṣe méjèèjì, mo wá ń kọ̀wé.

N kò ṣe é lọ́jọ́ tí mo rí lẹ́tà rẹ, n kò ní purọ́. Inú bí mi. Ọmọ tí mo bí ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ilé-ìwé wí. Mo ká lẹ́tà náà sínú ìwé orin. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, bí a ṣe ń jẹun àárọ̀, ọmọ fi ṣíbí sílẹ̀, ó di tábìlì mú, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ìnhélà tó kù kò gbé nǹkan jáde mọ́. Ọ̀kadà la gùn dé ilé ìwòsàn, mo gbé e sáàárín èmi àti ọlọ́kadà. Wọ́n fi nǹkan bo imú àti ẹnu rẹ̀, ó tó wákàtí méjì kí ojú rẹ̀ tó padà sípò. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, Suliat ni orúkọ rẹ̀, bi mí ohun tí mo ti ń ṣe. Mo sọ fún un. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé." 

Wàyí o, jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Láti ìgbà tí o ti lọ, ọmọ yìí kò ṣe wàhálà. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú, tí ìjọba òyìnbó kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ mú un dání wọ bàálù, ó ń fọ àwo, ó ń ka ìwé, "bẹ́ẹ̀ ni sà, rárá sà," bí àlejò tó fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí òun wọ̀ síbẹ̀ pẹ́. Lọ́jọ́ tí ajá àkọ́kọ́ wọ pálọ̀ yìí, ó rẹ́rìn-ín, èmi tí etí mi kò gbọ́ aago ṣọ́ọ̀ṣì sì gbọ́ ọ. N kò fẹ́ kó kùnà. Mo fún un ní oògùn kí ó má baà kùnà. Nígbà tó dùn tán, n kò mọ bí n ó ṣe jáwọ́.

Hùmúàní, aládùúgbò wa tó ń ta gààrí, ti mú Búrẹ́dì lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Idogo, níbi tí ọgbà wà. Ìtẹ́ kò sunkún. Ó ní, "Ẹ ṣé sà." Láti ọjọ́ náà kò bá mi sọ ju ìyẹn lọ.

Cornelius


Hull
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹrin, 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìrọ́jú. Mo ka lẹ́tà yín nínú bọ́ọ̀sì, mo kọjá ibi tí ó yẹ kí n ti sọ̀kalẹ̀.

Inú ṣì ń bí mi. Ṣùgbọ́n ó ń bí mi sí ara mi náà, torí mo jókòó, mo wo ohun tí mo ṣe. Ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ fóònù, tí mo ń tìtorí ẹ̀ kọ lẹ́tà, òun ni mo ní kó máa gbọ́ àyà ọmọ! Kódà bí ẹ kò bá fún un ní oògùn, kí ni ẹ̀ bá gbọ́? Mo kọ gbogbo òfin yẹn láti ìlú òyìnbó, n kò sì rántí irú ẹni tí mo ń kọ ọ́ sí. Ẹ má bínú.

Ìlérí mi ṣì wà nílẹ̀. Mo ti bá Nọ́ọ̀sì Suliat sọ̀rọ̀, òun náà sì ti bi dókítà. Wọ́n ní kí ọmọ kọ́kọ́ sinmi ọ̀sẹ̀ méjì, kó máa lo oògùn tí wọ́n fún un láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, a lè tún ajá Micah àti ti Rájí dán wò ní àgbàlá ilé ìwòsàn, níṣojú Suliat, pẹ̀lú gbogbo ohun èlò nítòsí. Ṣùgbọ́n kò ní sí ìnhélà ṣáájú. Ẹ̀yin yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí àwọn méjèèjì bá kùnà, èmi fúnra mi ni n ó sọ fún Ìtẹ́olúwa pé kò ní sí ajá. Èmi ni mo ṣèlérí, kó bínú sí mi.

Ẹ má ràn án lọ́wọ́, Bàbá. Mo mọ̀ pé ó le.

Ọmọ yín,
Kẹ́misọ́lá


Aiyetoro
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù karùn-ún, 2025

Kẹ́misọ́lá, ọmọ mi,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Ọmọ rẹ wà dáadáa. Mo kọ ìyẹn ṣáájú kí o má baà máa fò kiri inú lẹ́tà.

Ajá Micah kò lò tó ogún ìṣẹ́jú. Ojú ọmọ pọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sín, Suliat sì ní ó tó. Ó tọ́jú rẹ̀ kí n tó dìde dáadáa, wọ́n fa ajá jáde. Ìtẹ́ wò mí bí ẹni pé èmi ni mo kọ ìbéèrè ìdánwò náà.

Ó ku ti Rájí, ajá oko yẹn tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Sátidé mẹ́ta ni wọ́n ṣe é, bí ìwọ ti wí níbẹ̀rẹ̀. Ọmọ jókòó sórí ẹní, ajá dùbúlẹ̀ tì í, èmi wà lórí bẹ́ǹṣì. Suliat gba àpò mi lọ́wọ́ mi kí n tó jókòó. Kò gbà mí gbọ́, kò sì jẹ̀bi. Nígbà tó di ìdajì wákàtí, ọmọ húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo dìde. Suliat ní, "Ẹ jókòó, Bàbá." Mo ní ṣé kò gbọ́ ni? Ó ní òun gbọ́, ikọ́ lásán ni, kí n jókòó. Mo jókòó. N kò lè gbọ́ àyà rẹ̀. N kò lè fún un ní nǹkan kan. Mo ń wo èjìká rẹ̀ láti òkèèrè, mo ń kà á bó ṣe ń lọ sókè tó ń sọ̀kalẹ̀, mo ń bi obìnrin náà ní gbogbo ìṣẹ́jú pé "Báwo ni? Báwo ni?" títí tó fi ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí òun ṣiṣẹ́ òun.

Ibẹ̀ ni mo ti ronú kàn ọ́. Wákàtí mẹ́ta péré ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ fún mi, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ìwọ ti wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn láti ọdún tó kọjá. Bí o bá bi mí pé "Báwo ni àyà rẹ̀," mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ onígẹrun àti ọ̀rọ̀ Faransé sí ọ, mo tún ń sọ fún àwọn ènìyàn pé o ń yọ mí lẹ́nu. Ó dùn mí pé mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ. Má dákẹ́ bíbéèrè.

Ajá Rájí yege, Suliat ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi. Rájí kò gba owó lọ́wọ́ wa, ó ní ó ti rẹ ajá náà láti máa lé ọ̀yà, ti abẹ́rẹ́ àti oògùn aràn nìkan la san. Ìta ló ń sùn. Ìtẹ́ ń fọwọ́, ó ń pààrọ̀ aṣọ. Kò tíì dárí jì mí tán lórí Búrẹ́dì, ṣùgbọ́n lánàá ó bá mi jà lórí oúnjẹ ajá, ó pariwo mọ́ mi gidi, inú mi sì dùn.

Suliat kọ́ mi bí mo ṣe lè fi àtẹ́lẹwọ́ mọ ohun tí etí mi kò gbọ́. Láràárọ̀ báyìí, kí ó tó wọ aṣọ ilé-ìwé, mo máa ń gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Mo gbé e lé e lónìí. Àyà rẹ̀ kò gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi. N kò fún un ní nǹkan kan.

Bàbá rẹ,
Cornelius